Ìdáná Ìgbà Ọ̀wọ́n: Ọgbọ́n Ilé Ìdáná Àwọn Ìyá Àgbà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn tó dáná bọ́ ilé ní 1984, nígbà tí àwọn èèyàn ń tò sórí ìlà nítorí ṣúgà àti mílíìkì, àti lẹ́yìn 1986 tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti ìjọba Babangida mú kí náírà já wálẹ̀, mọ ibi tí owó ń gbà jò nínú ilé ìdáná. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀fọ́ ló ń jẹ owó jù. Iná ló ń jẹ ẹ́, epo ló ń jẹ ẹ́, ẹran ló ń jẹ ẹ́, àjẹkù tó bàjẹ́ ló sì ń kó ìyókù lọ. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ọ̀pọ̀ ilé ti dín oúnjẹ kù kí wọ́n tó ronú dín ìnáwó orí iná kù. Ìdàkejì ni àwọn àgbà ṣe: abọ́ ọmọ ni wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn.

Iná

Bó bá jẹ́ gáàsì lẹ ń lò, ẹ wo àwọ̀ iná náà. Búlúù ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ń pọ́n, tó ń fi dúdú sí ìdí ìkòkò, àwọn ihò orí rẹ̀ ti dí nìyẹn, gáàsì ń ṣòfò. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ àti abẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Nígbà tí omi bá ti hó, ẹ rẹ iná sílẹ̀. Omi tó ń hó wùrùwùrù kò gbóná ju èyí tó ń hó jẹ́jẹ́ lọ, gáàsì ni ẹ kàn ń sun. Ìdérí ìkòkò kò gba owó kankan, síbẹ̀ òun ni àwọn èèyàn kì í lò.

Ìlànà kejì ni pé kí iná kan ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Nígbà tí iná bá ṣì lágbára ni kí ẹ gbé ẹ̀wà tàbí àgbàdo gbígbẹ kaná. Bó bá rọ̀, ata ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ omi gbígbóná tí ẹ máa rọ sínú fíláàsì fún ògì òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ igi tàbí èédú lẹ fi dáná, ẹyín iná tó kù ni ẹ ó fi sun iṣu tàbí yan ẹja. Ẹni tó bá ń tan iná lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń san owó ìtànná náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kún fún igi gẹdú, sáàmíìlì sì wà káàkiri Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọrẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń jábọ́ lẹ́nu ayùn wọn kì í wọ́n bíi gáàsì. Àwọn àgbà ń fi agolo sun ún, ó sì tún yẹ ká padà sí i. Ẹ wá agolo ọ̀dà onírin ńlá, ti lítà 20. Ẹ gé ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, kó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ mẹ́ta. Ẹ ti igi rébété kan gba ihò náà wọlé títí dé àárín, kí ẹ wá gbé ìgò gígùn kan dúró ní àárín gbùngbùn, kí ìdí rẹ̀ kan orí igi yẹn. Ẹ máa da lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ yí ìgò ká díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dà á, títí yóò fi ku ìwọ̀n ìka méjì kó kún. Ẹ yí ìgò náà díẹ̀, ẹ fà á yọ sókè, ẹ fa igi náà yọ. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì fi sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti iná máa gbà. Ẹ ki bébà tí ẹ kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí bọ ihò ìsàlẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Ẹ to irin mẹ́ta tàbí òkúta mẹ́ta sórí ẹnu agolo kí ìkòkò má baà dí ihò òkè. Agolo tí a tẹ̀ dáadáa á jó fún wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tún un dá.

Bí èéfín bá ń rú tí kò fẹ́ jó, lẹ́búlẹ́bú náà tutù. Ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ 2 kí ẹ tó lò ó. Bí ihò àárín bá wó lulẹ̀ tí iná kú, a kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tàbí ẹnì kan gbé agolo náà kiri lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ibi tí a bá ti fẹ́ dáná ni ká ti tẹ̀ ẹ́. Ìta gbangba tàbí abẹ́ àtíbàbà tó ṣí sílẹ̀ lẹ ti gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ má gbé e wọ yàrá, ẹ má sì gbé èédú wọ yàrá nítorí òtútù tàbí òjò: afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde níbẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé sójú oorun.

Kóńgò àgbàdo kan

Kò sí ohun tí àwọn ìyá àgbà mọ̀ ọ́n lò tó àgbàdo gbígbẹ. Kóńgò kan tí a fi ṣe ògì fúnra wa lè tó èèyàn mẹ́fà mu láàárọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ògì tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá kò burú, ṣùgbọ́n omi lẹ ń ra níbẹ̀, ẹ kò sì mọ iye ọjọ́ tí wọ́n ti rẹ ẹ́.

Ẹ ṣa òkúta àti àgbàdo tó ti hu èébú kúrò. Èébú kì í ṣe ohun tí à ń fọ̀ kúrò. Májèlé tó wà nínú rẹ̀ kì í tán nínú omi tàbí lórí iná, nítorí náà ẹ kó hóró bẹ́ẹ̀ dà nù. Ẹ fọ àgbàdo tó kù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ rọ omi tútù lé e títí omi yóò fi ga jù ú lọ ní ìka mẹ́rin, nítorí ó máa wú. Ẹ dé e. Lọ́jọ́ kejì ẹ da omi náà nù, ẹ fi tuntun sí i. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ fi èékánná tẹ hóró kan: bó bá fọ́ láìjà, ó ti tó lọ. Lásìkò ọyẹ́, ó lè gba ọjọ́ kan sí i. Ẹni tí ìgbà kò dúró dè lè da omi gbígbóná lé e, kó lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ògì yẹn kì í kan dáadáa, kì í sì í pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Ohun tó ń mú kó kan kíá ni omi ògì àtijọ́, èyí tí a tún ń pè ní omidùn. Ife kan rẹ̀ nínú omi tí ẹ fẹ́ fi rẹ àgbàdo tuntun ti tó. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ti wà láàyè, kò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúró de òmíràn.

Ẹ gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ ní kùtùkùtù, kí ẹlòmíràn tó lọ ata níbẹ̀. Lílọ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń fi ògì púpọ̀ sílẹ̀ sára èèrí. Ẹ ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Iye tí ẹ máa san kún un kò tó iye ògì tí ẹ máa rí sí i. Ẹ ta aṣọ ìsẹ́ funfun sí ẹnu báàsì, ẹ dà á lé e, ẹ máa bu omi sí i, kí ẹ máa fọwọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ fọ èèrí náà títí omi tó ń kán sílẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ fi ògì sílẹ̀ kó tòrò mọ́jú.

Èèrí kò yẹ kó dé ààtàn. Adìyẹ àti ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Omi òkè ògì ni wọ́n fi ń se àgbo, ó sì dára fún rírẹ àgbàdo mìíràn bí a ṣe sọ. Ibi kan ṣoṣo tí kò wúlò ni ìkòkò ẹ̀wà: kíkan rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀.

Láìsí fìríìjì, ògì abẹ́ omi lè pé ọ̀sẹ̀ kan bí ẹ bá ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹ kò sì ti ọwọ́ tútù tàbí ṣíbí tó kan oúnjẹ bọ̀ ọ́. Bí ó bá ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí pupa gan-an lójú, tàbí tó ń yọ̀, tó ń fà bí ilá, ó ti bàjẹ́. Sísè kò lè tún un ṣe. Ẹni tó fẹ́ kó pẹ́ kó dì í sínú àpò aṣọ mímọ́, kó gbé òkúta lé e mọ́jú kí omi jò tán, kó fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sórí ọ̀rá tó mọ́, kó sì sá a sóòrùn títí tí yóò fi gbẹ tó ń fọ́ lọ́wọ́. Lẹ́búlẹ́bú yìí á dúró fún oṣù bíi mélòó kan nínú agolo tó dé pa.

Bí ẹ bá fẹ́ pò ó, ife ògì kan, omi gbígbóná ife mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó ṣàn dáadáa, nítorí ògì tó ki tí omi gbígbóná bá lù ló ń di kókó. Omi náà gbọ́dọ̀ wà lórí híhó, ẹ sì dà á lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ máa rò ó. Bí kò bá dì, omi náà kò hó tó. Ẹ gbé e kaná fún ìṣẹ́jú 2, kó má baà ṣòfò. Fún ọmọ kékeré tí kò rí ẹyin tàbí ẹran jẹ, ẹ fi sóyà kún àgbàdo nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́: àgbàdo ife mẹ́rin, sóyà ife kan. Sóyà náà gbọ́dọ̀ hó fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ bó èèpo rẹ̀ kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Tí a kò bá sè é, ó máa ń dá inú rú, ó sì máa ń ní òórùn ewé.

Ẹ̀kọ ni ọ̀nà mìíràn. Ògì kan náà ni, ṣùgbọ́n a ń rò ó lórí iná fún bí ìṣẹ́jú 15 títí tí yóò fi ki, ká tó pọ́n ọn sínú ewé eéran tàbí gbòdògì. Ewé yìí ń hù fúnra rẹ̀ nínú ìgbòrò àti abẹ́ igi oko kòkó, ẹni tó bá ní ìbátan lóko kò nídìí láti ra ọ̀rá. Ẹ̀kọ tó tutù kò gba iná mọ́ láàárọ̀, ìyẹn ni ó fi jẹ́ oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n.

Ẹ̀gbo dára lẹ́nu, àmọ́ ẹ má se é lórí gáàsì. Iná tó máa jẹ kò jọ oúnjẹ tó máa jáde.

Ẹ̀wà

Àdàlú ni oúnjẹ tó dára jù lọ tí owó kékeré lè sè, nítorí ohun tí àgbàdo kò ní lára, ẹ̀wà ní in, ohun tí ẹ̀wà kò ní, àgbàdo ní in. Fún èèyàn mẹ́fà: ẹ̀wà agolo mílíìkì 3, àgbàdo gbígbẹ agolo 2. Àgbàdo á sùn nínú omi. Ẹ̀wà kò nílò ju wákàtí 3 tàbí 4 lọ. Ẹ da omi méjèèjì nù. Àgbàdo ló ń kọ́kọ́ gun iná fún wákàtí kan, kí ẹ̀wà tó bá a. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni láti da àwọn méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀wà á ti di ẹ̀kọ kí àgbàdo tó ṣeé jẹ lẹ́nu.

Ẹ má fi tòmátò, ata tó ní tòmátò tàbí ohunkóhun tó kan sí i kí ẹ̀wà tó rọ̀. Ohun kíkan ló ń mú kí èèpo rẹ̀ le, tí ẹ ó máa fi wákàtí gbáko sè é. Ọgbọ́n tó ń dín iná kù ni pé lẹ́yìn tó bá ti hó fún ìṣẹ́jú 15, ẹ pa iná, ẹ má ṣí i, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé ìkòkò náà fún wákàtí kan. Ooru inú rẹ̀ á máa sè é lọ. Ẹ yọ aṣọ náà kúrò kí ẹ tó tún tan iná, ẹ ó rí i pé kò ní gba ìdajì àsìkò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá rọ̀ tán, ẹ fi iyọ̀, ata gígún, àlùbọ́sà, edé díẹ̀ àti epo pupa ṣíbí ìjẹun 4 sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10.

Kánún máa ń mú ẹ̀wà rọ̀ kíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba lára àwọn fítámì inú rẹ̀ jẹ́, ó sì ń mú un ní ìtọ́wò bí ọṣẹ bó bá pọ̀. Ẹ̀wà tí a ti rẹ kò nílò rẹ̀. Òtílí nìkan ni a lè gbójú fò fún, nítorí líle rẹ̀ kọjá kèrémí: á sùn mọ́jú nínú omi, á sì gba wákàtí 2 tàbí 3 lórí iná. Agolo lẹ́búlẹ́bú pákó ló yẹ òtílí.

Ẹni tó bá lè ra ẹ̀wà púpọ̀ nígbà tó pọ̀ lọ́jà máa ń jèrè, bí kòkòrò kò bá jẹ ẹ́. Ẹ sá a sóòrùn gan-an fún ọjọ́ 2, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sínú kéègì gbígbẹ títí tí yóò fi kún dé ọrùn, kí àyè afẹ́fẹ́ má sí. Ata gbígbẹ bíi mẹ́wàá láàárín rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ dé e pa, ẹ má ṣí i fún oṣù kan. Àìsí afẹ́fẹ́ ló ń pa kòkòrò inú rẹ̀, èyí ni kò fi yẹ kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí kéègì ńlá kan tí ẹ ó máa ṣí lójoojúmọ́. Kéègì kékeré mẹ́ta dára jù. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò olómi sí oúnjẹ láé. NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi í pa kòkòrò ẹ̀wà, ó sì ti pa àwọn èèyàn.

Ìkòkò ọbẹ̀

Epo ni ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń mú kí epo tán ni pé a ń da á sínú ata tó ṣì ní omi. Ata bẹ́ẹ̀ kì í dín, híhó ló ń hó, a ó wá máa rò pé epo kò tó. Àwọn àgbà kọ́kọ́ máa ń gbẹ ata: tàtàsé 4, ata rodo 5 tàbí 6, àlùbọ́sà ńlá 1, gbogbo rẹ̀ ní lílọ̀, á wà lórí iná nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ láìsí epo, láìdé e, títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ìgbà yìí àti ìgbà tí ẹ bá ń se àpọ̀n nìkan ni kí ẹ má lo ìdérí. Ó máa ń gba bí ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà, epo ṣíbí ìjẹun 5 tàbí 6 á dín in dáadáa fún èèyàn mẹ́fà. Ṣíbí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ọwọ́ tó gbé ìgò kì í mọ ìwọ̀n.

Ẹ má jó epo pupa títí tí yóò fi funfun. Yàtọ̀ sí èéfín àti ewu iná, ohun tó mú un pupa gan-an ló ń ṣe ojú àti ara lóore, iná sì ń jó o dànù.

Tòmátò máa ń gbówó lórí lásìkò òjò. Ẹ fi í sílẹ̀. Ọbẹ̀ tí kò ní tòmátò rárá kì í tètè kan, ó sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń sè kí tòmátò tó di ọba nínú ìkòkò wa. Irú ni kí ẹ fi rọ́pò adùn rẹ̀: irú wóóró ṣíbí ìjẹun 2, kí ẹ fọ iyanrìn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ jù ú sínú epo gbígbóná ṣáájú ata. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni ẹ fi í sí i, òórùn rẹ̀ nìkan ni ẹ ó gbọ́, adùn rẹ̀ kò ní wọ epo. Ògìrì kò nílò ju ìdajì ṣíbí ìjẹun lọ, nítorí ó lágbára. Ìdí nìyí tí a fi lè jẹ ọbẹ̀ irú láìsí ẹran ká má sì fura.

Orí pánla, eegun rẹ̀ àti orí edé kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ yan wọ́n lórí ẹyín iná títí wọ́n á fi gbẹ tó ń rún, ẹ gún wọn, ẹ fi asẹ́ kékeré jọ̀ ọ́ kí eegun gígùn kankan má baà há ẹnikẹ́ni lọ́fun. Ṣíbí ìjẹun kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ á jẹ́ kó dùn bí ẹni pé odidi ẹja wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú ìyókù sínú agolo gbígbẹ.

Ẹran tó le ni ó pọ́n lójú jù, nítorí ó ń jẹ iná. Ìbẹ́pẹ tútù tí kò tíì pọ́n, ìwọ̀n páálí ìṣáná, tí ẹ bá fi í sí ìkòkò pẹ̀lú ẹran tòun ti èèpo rẹ̀, á mú un rọ̀ láìpẹ́. Ẹ má fi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran á fọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn kan ń fi parasitamọ́ọ̀lù sè é. NAFDAC ti kìlọ̀ pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, kò sì sí ìyá àgbà kankan tó nílò rẹ̀. Kí ẹ sì gé ẹran nígbà tó wà ní tútù, kí ẹ gé e kéékèèké. Ìgbà tó bá ti jinná tán, kò ṣeé pín dáadáa mọ́, ìjà ló ń dá sílẹ̀ nídìí abọ́.

Ẹ̀gúsí tún lè dúró bí ẹran. Agolo mílíìkì kan ní lílọ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà lílọ̀ àti omi ìba kí ó lè dì mọ́ra, ni ẹ ó fi ọwọ́ ṣe róbótó róbótó kéékèèké sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Ẹ rẹ iná sílẹ̀, ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó bá rò ó kó tó dì, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lásán ni á rí. Ẹ gbọn ìkòkò díẹ̀ bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ó ń jóná nísàlẹ̀.

Ní ti ẹ̀fọ́, ará Oǹdó kò ní láti ra gbogbo rẹ̀. Worowo fẹ́ràn ìbòòji abẹ́ igi kòkó, ẹ̀bọ́lọ̀ ń hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, gbúre sì ń hù níbi tí omi bá ti ń ṣàn lẹ́yìn ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ oko gbúre nínú àpò sìmẹ́ńtì: ilẹ̀ tó dára, ẹ̀ka gbúre tí ẹ ti ká ewé rẹ̀ jẹ, ẹ gbìn ín, ẹ máa fomi sí i. Kì í pẹ́ kó tó ní ewé tó ṣeé ká, bí ẹ bá sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, á tún rú. Bákan náà ni ewúro, igi rẹ̀ tó le ni a ń gbìn. Kí ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e, nítorí ohun rere tó wà nínú rẹ̀ ni omi ń gbé lọ bó bá ti wà ní gígé. Gbúre ní omi tó pọ̀ lára: ẹ má bu omi kankan sí i, kí ẹ sì fi í sí i kẹ́yìn pátápátá fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ má ká olú tí ẹ kò mọ̀ nínú igbó, ẹ jọ̀ọ́, bó ti wù kí ebi pa yín tó.

Àpọ̀n náà wà níbẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú àpọ̀n ṣíbí ìjẹun 3 ń fà fún èèyàn mẹ́fà. Ẹ pò ó nínú epo gbígbóná díẹ̀ kí ẹ tó da omi tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i díẹ̀díẹ̀; bó bá dé inú omi nìkan, á di kókó. Ẹ má dé ìkòkò rẹ̀, á hó dànù.

Bí kò bá sí iná mànàmáná fún fìríìjì, ẹ gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí tí yóò fi hó káàkiri, fún ìṣẹ́jú 5. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán burú ju kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ. Ẹ bu èyí tí ẹ fẹ́ jẹ síta, ẹ má ti ṣíbí tó ti dé ẹnu bọ̀ ọ́, ẹ má sì tún rò ó lẹ́yìn tó bá ti hó tán. Ata díndín lè pé ọjọ́ mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ilá àti ewédú, ti ọjọ́ kan ni. Ọbẹ̀ tó ń yọ ìfófòó tàbí tó ń kan, ẹ dà á nù. Iye tí ilé ìwòsàn máa gbà pọ̀ ju iye ọbẹ̀ lọ.

Iṣu

Ará Àkúrẹ́ kò ní gbà pé oúnjẹ wà lálẹ́ bí kò bá sí iyán, nítorí náà àwọn àgbà kò pa á tì, wọ́n ń bù mọ́ ọn. Iṣu apá mẹ́ta, kókò apá kan, kí kókò náà jinná dáadáa. Kókò tí kò jinná máa ń yún ọ̀fun. Ẹ kọ́kọ́ gún iṣu kó dán, kí ẹ tó fi kókò sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kókó á pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú náà ń bá iṣu lọ, àmọ́ iyán rẹ̀ kì í funfun, kí ẹ má fi í gba àlejò. Omi tí ẹ fi se iṣu ni kí ẹ máa bù sí i nígbà tí ó bá ń le.

Iyán àná kì í ṣe ti ààtàn. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ jù ú sínú omi tó ń hó, ìṣẹ́jú 5, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un gún. Bó bá ti ń yọ̀ lójú tàbí tó ní òórùn, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Iṣu tí ọkọ́ gé, èyí tí ó ṣẹ́ àti kéékèèké tí kò ṣeé gún, wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn: èlùbọ́. Ẹ bó wọn, ẹ gé wọn ní ìwọ̀n ìka kan ní nínípọn, ẹ gbé wọn sínú omi tó gbóná débi tí ọwọ́ kò fi lè pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò hó. Ẹ pa iná, ẹ dé e, kó sùn mọ́jú. Bí omi bá hó, iṣu á jinná, èlùbọ́ rẹ̀ á máa lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ sá a sórí ọ̀rá tàbí ẹní mímọ́, ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ 4 tàbí 5 máa ń tó. Nígbà òjò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá bí ẹ kò bá ní ibi tí ẹ lè gbé e sí lórí ààrò, nítorí òjò ọjọ́ kan ti tó láti mú un hu èébú. Ìdánwò rẹ̀ ni kí ẹ ṣẹ́ ègé kan: bó bá dún pẹ́kẹ́ láìtẹ̀, ó ti gbẹ, bó bá tẹ̀, ó ku ọjọ́ kan. Èyí tí inú rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ó tó dé ẹ̀rọ. Ẹ tọ́jú ìyókù ní ègé, ẹ má lọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́búlẹ́bú ń tètè rí kòkòrò ju ègé lọ, kóńgò kan lẹ́ẹ̀kan náà ti tó.